Owú wo ni kí n rà? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí àgbẹ̀dẹ inú ilé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló dá lórí owú, ìyẹn irin tí alágbẹ̀dẹ máa ń gbé irin gbígbóná lé kó tó máa lù ú. Inú mi dùn gan-an sí i, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń náwó sórí òòlù olówó ńlá, tí wọ́n ń ra ẹ̀rọ oríṣiríṣi, tí wọn ò sì ronú kan owú rárá àfi ìgbà tí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà.

Ìbéèrè láti Ìkòròdú

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 26 ni mí, iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe. Mo ti ń wo fídíò àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ títí tó fi wọ̀ mí lọ́kàn, mo wá fẹ́ fi ibi kékeré kan lẹ́yìnkùlé wa ṣe àgbẹ̀dẹ. Mo ti ní èédú, mo ti fi fáànù ṣe ẹwìrì, owú ló kù. Ẹnì kan ń ta tuntun kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ìwo lórí, wọ́n kùn ún ní búlúù, ó rẹwà gan-an, kílò 25 ni. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n má fowó ṣòfò, kí n lọ sí ọjà Owódé Onírin lọ wá irin rélùwéè. Irin yẹn ò jọ owú lójú mi rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ ire fún ẹ. Àmọ́ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí ẹ̀, torí tó o bá mọ ìdí ẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa lè fi ọ̀dà búlúù tàn ẹ́ jẹ mọ́.

Iṣẹ́ méjì ni owú ń ṣe, kó dúró gbọin kó má mì, kó sì dá òòlù padà sókè. Ṣé o rí i, tí òòlù bá bọ́ sórí irin gbígbóná, ẹni méjì ló ń lu irin yẹn, òòlù ń lù ú látòkè, owú náà ń lù ú látìsàlẹ̀. Tí owú bá fúyẹ́, á sún, á fò, agbára tó yẹ kó wọnú irin á wọnú ilẹ̀ lọ. Tí ojú owú bá rọ̀, owú fúnra ẹ̀ láá máa tẹ̀ wọnú, òun láá jẹ agbára yẹn. Ìwọ á máa rò pé ọwọ́ rẹ ni kò lágbára, bẹ́ẹ̀ owú ló ń jà ẹ́ lólè.

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojú kan yẹn gan-an ni kó o rántí. Ibi tí òòlù rẹ ń bọ́ sí kò ju ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kékeré lè bò lọ, abẹ́ ibẹ̀ ló yẹ kí irin ti pọ̀ jù. Ìwo tó yọ síwájú àti ìdí tó yọ sẹ́yìn, ohun tó dáa ni wọ́n, wọ́n sì ní iṣẹ́ tiwọn, àmọ́ kílò tó wà lára wọn ò sí lábẹ́ òòlù. Nínú kílò 25 tó o fẹ́ rà yẹn, mélòó ló máa kù sáàárín? Òòlù kílò kan lo máa fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ sì máa ń sọ ni pé kí owú tó bí ìlọ́po 50 òòlù, ìyẹn kílò 50. Èèyàn lè fi èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ o, tó bá ti rì í mọ́lẹ̀ dáadáa tí irin ẹ̀ sì pọ̀ sójú kan.

Èyí tó tún kàn mí lára jù ni ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ọdún tí mo ṣe fúrídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ìkánjú bá mi, mo ra tuntun kan tó ní ìwo, ó ń dán, mo gbé e wálé bí ẹni gbé ìyàwó. Ọjọ́ kẹrin, mò ń rọ ọkọ́, òòlù yẹ̀ mí lọ́wọ́, ó bà etí owú, etí náà já bọ́ bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ páànù, èéfọ́ ẹ̀ fò kọjá létí ọmọ iṣẹ́ mi, ó lu páànù ilé lẹ́yìn, ó dá a lu. Mo dúró, mi ò lè mí. Mo wá tẹ̀ wo ibi tó ṣẹ́ yẹn, inú ẹ̀ rí eérú-eérú, ó ṣe hóró-hóró bíi yanrìn. Káàsì ni, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dì. Ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó. Káàsì dáa fún ìkòkò, ó dáa fún ẹ́ńjìnnì, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ ojú owú láéláé, torí kì í tẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Látọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi láìfi gíláàsì sójú, mi ò ní gbé òòlù títí á fi jáde.

Báwo lo ṣe máa wá mọ èyí tó dáa? Lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tọrọ bọ́ọ̀lù béárìn kan, ìyẹn irin róbótó tó máa ń wà nínú béárìn, èyí tó tó ínṣì kan dáa. Gbé rúlà dúró lórí owú, jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yẹn bọ́ láti ínṣì 10, má tì í o, ṣáà ju ọwọ́ sílẹ̀. Wo ibi tó ta dé. Tó bá ta padà dé ínṣì 7 sí 8, owú gidi nìyẹn, tó bá dé 9, má jẹ́ kí ẹlòmíì rí i kó o tó sanwó. Tó bá jẹ́ 3 tàbí 4 ló dé, gbé e kalẹ̀ kó o máa lọ. Ṣe é ní ojú mẹ́ta mẹ́rin, àárín, ẹ̀gbẹ́, ibi tó sún mọ́ ìwo, torí owú kan lè dáa lápá kan kó kú lápá kejì. Tẹ́tí sí i náà, irin gidi á ké, ohùn ẹ̀ á fà, káàsì á kàn dún kù. Tí oníṣòwò bá sì gbà fún ẹ, fi fáílìn mẹ́síìnì kan ìsàlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀, iná tó ń ta lára irin gidi máa ń gùn, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bọ́ sí funfun, iná káàsì kúrú, ó pọ́n dúdú-dúdú. Wẹ́dà ni ẹ́, ojú rẹ ti mọ iná yẹn tẹ́lẹ̀.

Ó yá, irin rélùwéè wá ńkọ́? Irin tó le ni, wọ́n dìídì ṣe é kó lè gba ìyà ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojúurin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kílò tó wà nínú mítà kan ni wọ́n fi ń pè é, nítorí náà èyí tó bá jẹ́ kílò 50 ní mítà kan, tó o bá gé 70 sẹ̀ǹtímítà nínú ẹ̀, kílò 35 ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn. Àṣìṣe tí gbogbo ayé ń ṣe ni pé wọ́n máa ń tẹ́ ẹ gbalaja bó ṣe wà lójú ọ̀nà rélùwéè, kí wọ́n sì máa lu orí ẹ̀. Tó o bá tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín orí àti ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló ń gbé òòlù, á máa mì, á máa ké bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Gbé e nàró! Jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n ti gé e kọjú sókè. Báyìí gbogbo kílò 35 yẹn ti wà lábẹ́ òòlù rẹ, ojú tó kù fún ẹ láti lù lórí ò tóbi lóòótọ́, àmọ́ ojú òòlù náà ò tóbi. Rì í sínú kùkùté igi tó le tàbí kó o gbẹ́ ilẹ̀ kó o fi kọnkéré dì í mú, kó má mì.

Tó o bá lè fi ayùn gé e, fi ayùn gé e. Tó bá jẹ́ gáàsì ni wọ́n fi gé e, ibi tí iná bá kọjá máa ń gan, ó lè máa fọ́, lọ ojú ibẹ̀ dànù dáadáa kó o tó máa lù ú, má sì kánjú lọ ọ́ títí táá fi yí sí búlúù, máa dúró kó tutù. Lẹ́yìn náà kó o bó etí ẹ̀ kó má mú, torí etí tó mú máa ń gé irin tó ò ń rọ, ibi tó bá gé yẹn ni ọ̀bẹ rẹ máa gbà ṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní fi ṣeré rèé. Má ra irin rélùwéè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri lóru, tàbí ẹni tí kò lè sọ ibi tó ti rí i. Àwọn kan ń tú ọ̀nà rélùwéè tí ọkọ̀ ṣì ń gbà, èèyàn ló sì ń wọ ọkọ̀ yẹn. Gba rìsíìtì. Tí kò bá sí rìsíìtì, fi í sílẹ̀, ohun mìíì wà. Ṣáàfútù tírélà tó nípọn, tó o bá gé e kó o gbé e nàró, owú ni. Píìnì katapílà, owú ni. Irin ọwọ́ forklift, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, owú gidi ni. Kódà orí òòlù ńlá tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta, tó o bá rì í sínú kùkùté kí ojú kan yọ sókè, o lè fi rọ ọ̀bẹ títí láé, ojú ẹ̀ ti gan láti ilé iṣẹ́ tó ti wá.

Ní ti ìwo, ọ̀bẹ lo fẹ́ máa rọ, kí lo fẹ́ fi ìwo ṣe? Àwọn tó ń rọ idà ní Japan láyé àtijọ́, owú onígun mẹ́rin lásán ni wọ́n ń lò, kò níwo, o sì mọ ohun tí aráyé ń sọ nípa idà wọn. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ tẹ irin kó rí róbótó, de páìpù tó nípọn mọ́ fáìsì, kó o tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀.

Ìbéèrè láti Sheffield, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kúuṣẹ́ sà. Ọkọ mi fẹ̀yìntì lọ́dún tó kọjá, ó sì sọ pé iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ tí bàbá òun ṣe lòun fẹ́ máa fi ṣeré. A rí owú àtijọ́ kan nínú gáréèjì bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa. Wọ́n kọ 1 2 14 sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹni tó ń tà á ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ó ti dógùn-ún, etí ẹ̀ ti ṣán níbì kan, àárín ojú ẹ̀ sì tẹ̀ wọnú díẹ̀. Ọkọ mi ní tá a bá rà á, òun máa gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fi ẹ̀rọ bó o kó tẹ́jú. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn

Mà, ẹ bá mi kí bàbá, ẹ sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ ná.

Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn, bí àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ka ìwọ̀n láyé ọjọ́un nìyẹn. Àkọ́kọ́ dúró fún pọ́n-ùn 112 lọ́nà iye tí ẹ bá rí, èkejì dúró fún pọ́n-ùn 28, ẹ̀kẹta ni pọ́n-ùn tó ṣẹ́kù. Nítorí náà 112, ẹ fi 28 méjì lé e, ó di 168, ẹ fi 14 lé e, ó di pọ́n-ùn 182. Ìyẹn sún mọ́ kílò 83. Owú ńlá nìyẹn o, á pẹ́ kí bàbá tó ṣe iṣẹ́ tó máa ju agbára ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gbé e.

Ìlú tẹ́ ẹ wà yẹn gan-an jẹ́ ibi pàtàkì fún owú. Mousehole Forge wà ní Malin Bridge ní Sheffield níbẹ̀, owú tí wọ́n ṣe ti tàn kálẹ̀ ayé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ díẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí àwòrán eku. Tó bá jẹ́ Peter Wright lẹ rí níbẹ̀, Dudley ló ti wá, òun náà dáa.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n má bó o ni pé ọ̀pọ̀ owú àtijọ́ bẹ́ẹ̀, irin méjì ni. Ara ẹ̀ jẹ́ irin rírọ̀, wọ́n wá fi iná àti òòlù lẹ irin líle pẹlẹbẹ kan mọ́ orí ẹ̀, tí kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì ínṣì lọ. Irin pẹlẹbẹ yẹn ni gbogbo owó tẹ́ ẹ máa san. Ó ti lè ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí òòlù ti ń jẹ ẹ́, tẹ́ ẹ bá wá fi ẹ̀rọ bó èyí tó kù, ẹ lè bó o kan ìsàlẹ̀ tó rọ̀, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ dá a padà. Mo ti rí èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ó mọ́ roro, ó tẹ́ bíi dígí, bọ́ọ̀lù béárìn jókòó sórí ẹ̀ bí ẹyin lórí tìmùtìmù. Ó dùn mí.

Ojú tó tẹ̀ díẹ̀ yẹn kì í ṣe àìsàn, ó tiẹ̀ máa ń ranni lọ́wọ́ téèyàn bá fẹ́ na irin tó wọ́. Etí tó ṣán, tí ibòmíì lára etí bá ṣì dáa, ibẹ̀ ni kí bàbá máa lò, kí wọ́n kàn fi fáìlì pa ibi tó ṣán yẹn kó má mú. Ìpata ò ṣe nǹkan kan, òòlù àti irin gbígbóná máa fọ̀ ọ́ mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ ṣe bọ́ọ̀lù béárìn tí mo sọ lókè yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì fi òòlù kékeré kan gbogbo ojú ẹ̀ jẹ́jẹ́. Tó bá ń ké dáadáa, tó wá dé ibì kan tó kàn dún pọ̀, ó lè jẹ́ pé irin òkè ti ń ṣí kúrò lára tìsàlẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún béèrè bóyá ilé tó wà nínú ẹ̀ ti jóná rí, torí iná ilé máa ń mú kí ojú owú rọ̀, ẹ ò sì ní fi ojú rí i. Tí bọ́ọ̀lù bá ta dáadáa, ẹ rà á.

Ìbéèrè láti Ìbàdàn

Bọ̀ọ̀dá, ilé tí ayálégbé pọ̀ sí ni mò ń gbé, mo ń rọ àwọn nǹkan kéékèèké ní Sátidé. Láńlọ́ọ̀dù ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì nítorí ariwo. Ẹ̀yìn náà sì máa ń ro mí tí mo bá ti lo wákàtí kan. Ẹ gbà mí.

Ìdáhùn

Ariwo ná. Ẹ wá ṣéènì tó wúwo, ẹ dì í yí ìbàdí owú ká kó fún un pinpin. Ẹ wá mágínẹ́ẹ̀tì ńlá inú sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìdí ẹ̀ tó yọ sẹ́yìn. Kẹ́ ẹ tó gbé owú lé igi, ẹ fi sílíkóònù tí wọ́n fi ń lẹ dígí wíńdò tẹ́ ẹ nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Ohùn ẹ̀ á lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀yin fúnra yín á rò pé owú ti bàjẹ́, kò bàjẹ́ o, bó ṣe ń dá òòlù padà ò yí padà. Kí ẹ sì fi nǹkan dí etí yín, ohun tí etí bá sọnù kì í padà wá, mo ní ọ̀rẹ́ tí mo ní láti pariwo kó tó gbọ́ mi. Láńlọ́ọ̀dù, ẹ bá a sọ̀rọ̀ nípa àsìkò, ẹ rọ nǹkan kan fún un, kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn gééètì tàbí ohun tó bá fẹ́.

Ti ẹ̀yìn tó ń ro yín, owú yín ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ wọ bàtà tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ owú, ẹ jẹ́ kí apá yín wálẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Ibi tí orí ìka yín bá dé, ibẹ̀ ni kí ojú owú wà. Àwọn bàbá wa jókòó rọ irin, owú wọn sún mọ́lẹ̀, ìjókòó wọn náà sún mọ́lẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹ̀yìn ro wọ́n. Ẹ̀yin dúró, ẹ wá gbé owú sí ibi tí àwọn tó jókòó ń gbé e sí. Ẹ wá igi lé e, kí ojú igi tí wọ́n gé wà lókè, kó dúró bó ṣe hù, ẹ má dùbúlẹ̀ ẹ̀.

Ìbéèrè láti Ilé-Ifẹ̀

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Nínú àgbàlá ilé bàbá bàbá mi, irin ńlá kan wà tí ilẹ̀ ti bo ìdajì ẹ̀, kò níwo, kò nígun, ó kàn rí bọ̀ọ̀kìtì lórí. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ ni bàbá bàbá mi. Ṣé owú nìyẹn? Ṣé mo lè hú u kí n máa lò ó?

Ìdáhùn

Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ owú, ọmọ mi. Owú tiwa ò níwo rí. Irin tó wúwo, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tàbí sínú igi ni, òòlù onírin tí wọ́n fi ń lù ú sì ni wọ́n ń pè ní ọmọ owú, bí ìyá àti ọmọ. Ìlú rẹ náà kúkú ni èyí tó lókìkí jù wà, irin ńlá tó rí bíi píà ní ojúbọ Ògún Ládìn láàfin Ọọ̀ni, tí àwọn àgbà sọ pé Ládìn ló jẹ́ alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Àwọn kan ní owú ẹ̀ ni, àwọn kan ní òòlù ẹ̀ ni.

Nítorí ìyẹn, má fọwọ́ kan èyí tó wà nílé yín kó o tó bi àwọn àgbà ilé. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ Ògún, tó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe irin tí wọ́n ń hú. Tí wọ́n bá gbà fún ẹ, fọ orí ẹ̀, jẹ́ kí bọ́ọ̀lù béárìn bọ́ sí i. Ó lè má ta tó ínṣì 7, torí irin àtijọ́ tí wọ́n yọ nílẹ̀ wa sábà máa ń rọ̀, má jẹ́ kó bà ẹ́ lọ́kàn jẹ́. Irin tó bá pọ́n nínú iná rọ̀ jù ú lọ, ìwúwo ẹ̀ láá sì bá ẹ ṣe ìyókù. Ṣáà máa lu irin gbígbóná nìkan lórí ẹ̀, má fi òòlù lásán lu ojú ẹ̀.

Bóyá kó o tiẹ̀ má hú u rárá, kó o kàn ṣe àgbẹ̀dẹ rẹ síbi tó wà, kó o jókòó sórí àpótí bíi bàbá bàbá rẹ. Gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fi okùn wọn bó ṣe jìn sílẹ̀ tó, kó o kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ mọ̀.